Bọ̀dá Káyọ̀dé, Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Pa Ìwé Orúkọ Ìjọ

Ó dìgbà, Bọ̀dá mi. Ó dìgbà, àkọ́bí Ìyá mi. Mo ti sunkún títí omi ojú mi fi gbẹ. Ohun tó kù sí mi lára báyìí kì í ṣe ẹkún mọ́, àárẹ̀ ni. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gun ọ̀kadà lọ bá yín ní ilé ìwòsàn ní Ìdó, tí mo gun ọ̀kadà bọ̀, pẹ̀lú fúláàsì ògì gbígbóná lórí itan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ní ẹ ti lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé n ó lè sùn. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ irú rẹ̀ fún tẹ́lẹ̀, ẹ sì ti lọ.

Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa yín sínú ìwé ètò ìsìnkú, kí n sọ pé ẹ jẹ́ ènìyàn dáadáa. Ẹ jẹ́ ènìyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní òun ló fi kòkòrò kọ̀ǹpútà pa ìwé ìrìbọmi ìjọ wa. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ń dá kòkòrò náà sílẹ̀ kí ó lè rí iṣẹ́ ṣe, bí ẹni tó ń da ìṣó sójú ọ̀nà kí ó lè máa lẹ táyà. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì mọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. N kò fẹ́ kí a gbé e wọ inú ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn rẹ̀.

Fún ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn wá: Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí ìlú kékeré wa yìí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìrè, nígbà tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé. Ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú, níbi tí èmi àbúrò rẹ̀ ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn oníbàárà. Ẹ̀kẹta wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ògbólógbòó kan tí ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Kò so mọ́ ẹ̀rọ kankan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ lẹ́tà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti ń yẹ kòkòrò wò.

Ẹ rántí bí ẹ ti ń ṣe é, Bọ̀dá? Bí ẹnikẹ́ni bá mú dísíkẹ́ẹ̀tì wá láti ìta, ì báà jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ì báà jẹ́ àlùfáà, yàrá ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ti kọ ìwọ̀n gbogbo ètò tó ń mú ògbólógbòó náà ṣiṣẹ́ sí, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá. Ẹ ó ki dísíkẹ́ẹ̀tì àlejò bọ̀ ọ́, ẹ ó ṣí i, ẹ ó tún wá wo ìwọ̀n gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ètò kan bá ti fi ohun tín-ń-tín tóbi ju ti àná lọ, tí kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, nǹkan ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá máa ti ọjọ́ inú ẹ̀rọ síwájú, ọ̀la, ọ̀tunla, títí ẹ ó fi bá ọjọ́ tí kòkòrò náà ń dúró dè kó tó ṣọṣẹ́. Bí mo bá ní kí ẹ wá jẹun, ẹ ó ní, "Títí, ohun tó dákẹ́ kọ́ ni ohun tó sùn." Iyán á sì tutù. Ètò apakòkòrò wà lóòótọ́, ẹ máa ń lọ gbé tuntun bọ̀ láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ ní èyí tí wọ́n ti mọ̀ nìkan ni ìyẹn lè mú. Èyí tí wọn kò tíì mọ̀, àfi kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ọ.

Ìyá wa kò gbà láéláé pé àrùn kọ̀ǹpútà kì í ran ènìyàn. Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé yín: "Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó wọ ulé." Ẹ kò bá wọn jiyàn rí. Ẹ ó bu omi, ẹ ó fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Irú ènìyàn tí ẹ jẹ́ nìyẹn. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà, torí èmi ni mo ń pọn omi.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ìwé ìrìbọmi. Orúkọ gbogbo ẹni tí a ti rì bọmi nínú ìjọ yìí láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ti ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, inú rẹ̀ la ti ń mọ iye ọdún ara wa. Ikán ti mú un. Bọ̀dá ló dá a lábàá pé kí a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kó tó tán. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. Ẹ̀yin ń kà á, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Níbi tí ikán bá ti jẹ ìdajì orúkọ, ẹ ó lọ bá àwọn ẹbí ẹni náà bèèrè ìyókù.

Nígbà tí a parí rẹ̀, ìjọ ṣe ọpẹ́. Bàbá Ìjọ wá ní ohun mímọ́ kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ààtàn, pé kí a sin ògbólógbòó ìwé náà pẹ̀lú àdúrà. Ẹ dìde, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù kí a tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà nígbà Ìkórè. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Káyọ̀dé, ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé ẹ̀rọ kì í gbàgbé?" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sin ìwé náà, a sì kọrin lé e lórí. Bàbá Ìjọ yìí ni bàbá Ṣẹ́gun, àfẹ́sọ́nà mi. Nígbà náà, ìgbéyàwó wa kò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀dá lọ sí Ìkọ̀lé lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣẹ́gun ti fi dísíkẹ́ẹ̀tì kan rán ẹnì kan sí mi láti Èkó. Ìwé ìpè ìgbéyàwó wa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ya òdòdó yí orúkọ wa ká. A kò rí iná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ògbólógbòó inú yàrá ẹ̀yìn sì máa ń pẹ́ kó tó jí. Mo ní ìwé ìpè lásán ni. Mo ki dísíkẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ iwájú, ẹ̀rọ tí ìwé ìrìbọmi wà nínú rẹ̀. Mo wo orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ṣẹ́gun, inú mi dùn, mo yọ ọ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló ṣẹlẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ láàárọ̀, gbogbo orúkọ ti di àmì játijàti tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ẹ kò sí nílé. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré mú àdàkọ kìíní tí a tọ́jú sínú àpótí, mo ki í bọ ẹ̀rọ náà. Ó ba ìyẹn jẹ́. Mo mú èkejì, mo tún ki í bọ̀ ọ́. Bí mo bá ti káwọ́ lẹ́rán títí ẹ fi dé, ìwé náà ì bá wà lónìí. Ìkánjú mi ló pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ kò pariwo mọ́ mi. Ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn, ẹ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ẹ pè mí wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi ètò tó kọ́kọ́ tóbi hàn mí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó tóbi: ọjọ́ Ẹtì, aago méjì kọjá díẹ̀. Ẹ kàn na ọwọ́, mo sì gbé dísíkẹ́ẹ̀tì Ṣẹ́gun lé e. Ẹ ki í bọ ògbólógbòó, ẹ ti ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, àwọn orúkọ tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ fún ìdánwò di àmì játijàti lójú mi. Ẹ yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹ dá a sí méjì. Ẹ ní, "Ìgbéyàwó rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá kò ní gbà ọ́ sínú ilé rẹ̀ mọ́. Má sọ nǹkan kan." Mo gbọ́ ti yín. N kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ dìde níwájú ìjọ, ẹ ní ọ̀dọ̀ yín ló ti bàjẹ́. Mo wà lórí ìjókòó kẹta, mo fi gèlè bo ojú. Wọ́n lọ hú ìwé tí a sin. Òjò àti ikán ti parí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà wọn kò jẹ́ kí ẹ ka Bíbélì fún ìjọ mọ́. Àwọn oníbàárà ń kó iṣẹ́ wọn lọ sí Ọ̀yẹ́. Àwọn ọmọ yín ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú omijé, wọ́n ní wọ́n ń sọ fún àwọn pé bàbá àwọn jẹ orúkọ àwọn ènìyàn. Ẹ ní kí wọ́n wá jẹun.

Ọdún mẹ́fà lẹ fi wá àwọn orúkọ náà padà. Gbogbo Sátidé tí ara yín ṣì le, ẹ wà lórí ọ̀kadà, Ìrè lónìí, Ìlógbò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níbikíbi tí ọmọ ìjọ wa bá fẹ́ ọkọ sí. Ẹ ń bẹ àwọn ìyá arúgbó kí wọ́n tú àpótí, kí wọ́n mú káàdì ìrìbọmi jáde. Àwọn kan tú u. Àwọn kan dà yín lómi. Nígbà tí kíndìnrín yín dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ kò lè dìde lórí ibùsùn ní Ìdó mọ́, ẹ ṣì ń bi mí bóyá àwọn ará Èkó ti fèsì lẹ́tà. Ìdajì ni ẹ rí, tàbí ó lé díẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo lóyún. Lẹ́yìn náà ó wá di ohun tí n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bọ̀dá, mo bẹ̀ yín ní Ìdó pé kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ ní, "Kí ni yóò tún ṣe fún mi? Lọ sinmi, Títí." Ó bí mi nínú, Bọ̀dá. Ó ṣì ń bí mi nínú. Ó rẹ̀ mí láti jẹ́ àbúrò ẹni tó dára tó báyìí, tí n kò sì lè bá a gbé ìdì kan nínú ẹrù tí mo dì fún un.

Ṣẹ́gun ọkọ mi ka ìwé yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ó ní kí n má yọ ohunkóhun kúrò. Bàbá Ìjọ, bàbá ọkọ mi, ìjókòó iwájú ni ẹ wà bí ẹ ti ń kà á, mo sì wà lẹ́yìn yín gan-an. Èmi ni. Kì í ṣe Káyọ̀dé. Èmi Títílayọ̀, ìyàwó ọmọ yín, ni mo pa ìwé orúkọ ìjọ. Ẹ̀yin ọmọ Bọ̀dá mi, bàbá yín kò jẹ orúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ tirẹ̀ ló fi bo tèmi. Ẹ̀yin ará ìjọ, bí ẹ bá dé etí kòtò tí ẹ ń bu yẹ̀pẹ̀, ẹ má wo inú pósí mọ́ bí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi. N ó dúró lápá ọ̀tún, ẹ ó rí mi.

Mo ti sọ ọ́, Bọ̀dá mi, mo sọ ọ́ láìgba àṣẹ yín. Ọdún mẹ́fà ni ẹ fi gbé e. Ẹ gbé e sílẹ̀ wàyí. Ẹ sùn re o.

Àbúrò yín,
Títílayọ̀