Ẹsẹ̀ Alùpùpù Ńlá Lábẹ́ Alùpùpù Kékeré

Kògbọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, torí bí wọ́n bá ní kó má gun igi, orí igi náà lẹ ti máa bá a. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, kò tíì gbọ́.

Búrẹ́dì ló ń gbé. Láràárọ̀, á di àpótí méjì sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ níwájú ilé búrẹ́dì, á gbé e lọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù tó wà lókè, níbi tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé torí ọ̀nà ibẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àlà. Ọdún méje ló ti ń ṣe é. Àwọn ará òkè kì í wo aago mọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró alùpùpù Kògbọ́, wọ́n á gbé omi tíì kaná.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni kòtò mú un. Òun fúnra ẹ̀ kò ṣe ju kí orúnkún bó lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù, irin méjì tó di táyà mú, èyí táwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ọ̀kì, ti ká sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ tata. Èèyàn mẹ́ta ló bá a gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì.

Ẹ̀gbọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó nu ọwọ́.

"Ó ti kú. Irú fọ́ọ̀kì yìí ò sí lọ́jà mọ́. Jẹ́ káwọn onírin àlòkù wá gbé e, kó o lọ jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀, ó ní kó o máa wá ta búrẹ́dì nídìí tábìlì."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìgbà wo lẹ bá a sọ ọ́? Àárọ̀ yìí ni mo ṣubú."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju orúnkún lọ.

Ọ̀gá ilé búrẹ́dì, tí wọ́n ń pè ní Baba Ìyẹ̀fun torí pé ìpéǹpéjú rẹ̀ kì í yéé funfun, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní òun á dúró di ọjọ́ Ajé. Bí òun ò bá rí alùpùpù láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun á fún ẹlòmíì ní ọ̀nà òkè, kí Kògbọ́ gba tábìlì.

"Tábìlì ò burú," ló ní. "Òjò ò sí níbẹ̀, kòtò ò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ wá jókòó sí i," ni Kògbọ́ wí, ó sì jáde.

Alùpùpù ńlá kan wà lẹ́yìn ilé káfíńtà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tipẹ́, adìẹ ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ilé ìsàba, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, ó ki bí apá ọkùnrin. Káfíńtà ní kó tú u lọ. "Bó o bá lè kó adìẹ náà mọ́ ọn, inú mi á dùn sí i."

Ó tú ẹsẹ̀ náà tòun ti táyà, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọ̀n ọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rín náà dé etí àwọn aládùúgbò.

"Wo irin ọrùn rẹ̀, èyí tó máa gba inú ọrùn alùpùpù kọjá kí ọwọ́ tó lè yí. Ó sanra ju ihò tìẹ lọ. Ṣé orí ẹfọ̀n lo fẹ́ gbé lé ewúrẹ́ lọ́rùn?"

Kògbọ́ ki ìka bọ ihò náà. "Bá a bá wá yọ irin ọrùn tèmi, ká kì í bọ ẹsẹ̀ ńlá yìí ńkọ́?"

"Wọn kì í ṣe é."

"Wọn kì í ṣe é, àbí kò ṣeé ṣe?"

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Búrẹ́dì lò ń gbé, má wá kọ́ mi níṣẹ́."

"Kò ní gbẹ́ tara ẹ̀ náà. Ọ̀bẹ míì wà ládùúgbò."

Ẹ̀gbọ́n ò purọ́ o. Odindi ni wọ́n máa ń ra fọ́ọ̀kì, pẹ̀lú ọrùn, pẹ̀lú àwo irin tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kò sẹ́ni tó ń ronú àtitú u. Ṣùgbọ́n oko ìyá wọn ni Kògbọ́ dàgbà sí. Bí èèkù ọkọ́ bá dá, ìyá wọn á yọ irin rẹ̀ bọ èèkù míì, bí àyè bá ṣẹ́ kù, á fi ègé igi há a. Ẹ̀gbọ́n náà rí i, wọ́n jọ roko náà ni. Ó kàn jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti di ọ̀gá.

Kògbọ́ bá gbé ẹsẹ̀ ńlá náà àti èyí tó ká gba ọ̀dọ̀ Bàbá Agérin lọ, àgbàlagbà kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, tí ariwo ẹ̀rọ ti di etí rẹ̀ kan. Bàbá gbé irin sókè, ó gbé e sísàlẹ̀.

"Irin ọrùn tìrẹ tín-ín-rín ju ihò àwo yìí lọ. Màá gé òrùka kan há àárín wọn. Ṣùgbọ́n bó bá já lọ́nà, eyín rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

"Ẹ gé e kó má já, Bàbá."

Bàbá yọ irin ọrùn méjèèjì kúrò, ó gé òrùka, ó fi iná mú àwo irin gbóná kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀, ó fi òòlù gbá ọrùn àti òrùka wọlé. Kò jẹ́ kí wọ́n da omi sí i. Ó ní kó fúnra ẹ̀ tutù. Nígbà tó tutù, ó dè é mọ́ tábìlì irin, ó fi òòlù ńlá lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yẹ̀. Ó tún lù ú. Bàbá tìkára ẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ní àgbàlá ìyá rẹ̀ tó gbé alùpùpù náà lọ, Kògbọ́ fi gíríìsì lẹ àwọn ọmọ irin róbótó mọ́ inú ọrùn kí wọ́n má baà yí dànù, ó gbé ẹsẹ̀ ńlá wọ alùpùpù kékeré, ó dè é. Imú alùpùpù wá ga sókè.

"Ó dà bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ òfúrufú," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó dẹ àwọn nọ́ọ̀tì, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì sókè gba inú àwo níwọ̀n ìka mẹ́ta, imú bá wálẹ̀. Ó gùn ún. Ó ti de ọrùn le jù. Ibi tó fẹ́ kó yà, kò yà, ó bá gba inú aṣọ tí wọ́n sá kọjá.

"Kí lo fẹ́ fi ìró mi ṣe?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ fi ń ṣubú fúnra ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Aago tó ń ka eré nìkan ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní òun mọ bóun ṣe ń sáré.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n ti dé ilé búrẹ́dì láti sin àbúrò rẹ̀ dé ìdí tábìlì. Orí alùpùpù ló ti rí i. Ó fún bíréèkì iwájú mọ́wọ́, ó ń tì í síwá, ó ń fà á sẹ́yìn, ó ń dẹtí bóyá ọrùn á dún. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kò mì," ló ní, bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ṣé ó lè gbẹ́rù?" Ẹ̀gbọ́n ni Baba Ìyẹ̀fun ń bi.

"Èmi lẹ máa bi," ni Kògbọ́ wí. "Ẹ di àpótí méjèèjì."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀kan dán an wò."

"Bí mo bá gbé ọ̀kan lónìí, lọ́la ẹ ó fún ẹlòmíì ní ìkejì. Ẹ di méjèèjì."

Wọ́n dì í. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́ lókè, sọ pé ní ṣọ́ọ̀bù mi la ti ṣe é."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kí n máa purọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù ni?"

"Orúkọ mi ni mo ń wò."

"Ẹ gun ẹ̀yìn mi nígbà náà, ká jọ dé òkè. Ẹ ó fẹnu ara yín sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n wo òrùka Bàbá Agérin, ó wo òkè. "Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ lókè, obìnrin tó ni ín wo ẹsẹ̀ ńlá náà láti òkè délẹ̀, ó bi í pé ta ló bá a ṣe é.

"Èmi ni," Kògbọ́ ní. "Bàbá Agérin ló gé òrùka."

Ó sọ búrẹ́dì kalẹ̀, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì sọ ẹni tó ṣe é fún wọn níbẹ̀ náà kí wọ́n tó bi í.