Fíláàṣì Kan Péré

Ọmọbìnrin mi ń wa ọkọ̀ òfúrufú ológun lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí ogun ti ń jà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjọ á ní, "Ṣé òun ló ń pín oúnjẹ nínú bàálù ni?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé òun gan-an ló ń wà á, kí ẹni tí ebi bá ń pa gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání.

Bàbá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Odògbolú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ gbọ́ rárá. Èmi ni mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó fi wọṣẹ́ ológun. Lọ́jọ́ náà wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ lo fọwọ́ sí i o. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, má pè mí." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti mẹ́nu ba iṣẹ́ ọmọ yìí, wọ́n á gbé ìwé ìròyìn bojú.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà á láyè láti sọ ibi tó ń lọ. Nítorí náà, tó bá ti balẹ̀, á fíláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbé e, mo pariwo, "Hẹ́lò!" Ó bú sẹ́rìn-ín: "Màámi, fíláàṣì ni o! Ẹ má gbé e mọ́."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi láàárọ̀ pé òun ń jáde. Ọ̀sán pọ́n, fóònù kò dún. Mo ń se ìkọ́kọrẹ́, mo fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, mo pa iná abẹ́ ìkòkò. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí yẹn nìkan ni mo ń rí.

Mo lọ dúró níwájú bàbá ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo fóònù ọwọ́ mi.

"Ó ti balẹ̀," ni wọ́n wí. "Láti aago kan."

Wọ́n yọ fóònù tiwọn lápò, wọ́n nà án sí mi. Nọ́ńbà ọmọ wa ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, fíláàṣì lórí fíláàṣì, wọn kò gbé ẹyọ kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí tèmi wọlé.

Inú bí mi, omi sì ń dà lójú mi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má pè yín?"

"Ìwọ ni mo ní kí o má pè mí," ni wọ́n fèsì. "N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi."

Mo gbé ìkọ́kọrẹ́ oníyọ̀ náà fún wọn. Wọ́n bu omi mu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.