Abala Kejì fún Àjà Ọkọ̀

Kí n tó sọ bí a ṣe tún àjà ọkọ̀ wa ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí.

Ọmọbìnrin mi ló rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Ìgbàrà-Odò. Láti ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, yóò máa wakọ̀ lọ, yóò máa wakọ̀ bọ̀, òun nìkan, lójoojúmọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà. Èmi ò rí àmín ṣe. Mo mọ ọ̀nà yẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ agbégẹdú kì í yà fún ẹnikẹ́ni.

Mo wá ohun tí mo lè rí sọ títí. Nígbà tó yá, mo gbójú sókè nínú ọkọ̀, mo rí i. Aṣọ àjà rẹ̀ ti ṣí kúrò lára pátákó, ó rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Aránṣọ ni mí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi píìnì gbé e ró. Ọ̀kan nínú àwọn píìnì náà jábọ́ sórí àga lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọkọ mi jókòó lé e, ó sì ti ké halelúyà kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Aṣọ yìí lè bò ọ́ lójú lórí eré," ni mo wí fún ọmọ náà. "O ò ní wa ọkọ̀ yìí àfi tí a bá tún un ṣe."

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Adó kì í gba ọkọ̀ kó má lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó tó di ìgbà náà, wọ́n á ti gba olùkọ́ mìíràn.

"Kò le, Màámi," ni ó wí. "Ẹ̀yin aránṣọ, èmi ọmọ aránṣọ. Ilé la ó ti ṣe é lọ́jọ́ Sátidé."

Kí ni kí n wí? Pé mi ò mọ aṣọ gé?

Lọ́jọ́ Sátidé, kí n tó jẹun tán, ó ti tú iná àárín, ó ti tú gbogbo ohun tó di àjà náà mú. A gbé pátákó àjà gba ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì méjì lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ mi jáde sí wa pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́.

"Háà! Ulé mi ti di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì!"

Nígbà tí a fa aṣọ àtijọ́ kúrò, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ó dà sí wa lórí, a dà bí ẹni tó ń jọ èlùbọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n mi. Àjà ọkọ̀ kì í tẹ́jú. Ó ní kòtò níbi iná, ó tún ní kòtò níwájú, gbogbo kòtò yẹn ló sì ń jẹ aṣọ. Ẹni tó bá na téèpù gbọnrangandan láti etí kan dé ìkejì, tó sì gé e bẹ́ẹ̀, aṣọ rẹ̀ kò ní dé. Mo mọ̀ dájú. Mo na téèpù mi gbọnrangandan, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń pe ìwọ̀n rẹ̀ sókè bí akọ̀wé kóòtù, mo sì gé aṣọ tuntun tí ọmọ mi rà láìfi nǹkan kan sílẹ̀. A tẹ́ ẹ. Ó fi ínṣì mẹ́ta dín.

"Yé! Kò dé!" Mo ká ọwọ́ lérí. "A jẹ́ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn, kí a tó tún rí irú rẹ̀ rà."

Ọmọ mi wọlé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan jáde, ó sì tú odindi abala aṣọ mìíràn sílẹ̀ níwájú mi.

"Méjì ni mo rà. Ọjọ́ wo ni mo ti mọ̀ yín, Màámi? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ínṣì méjì sílẹ̀ lára yunifọ́ọ̀mù mi torí pé mò ń dàgbà, ẹ̀yin náà lẹ gé aṣọ kù yìí?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì ronú pìwà dà. Ó ku ọgbọ́n kan. Tí a bá fi díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun fóòmù yẹn sílẹ̀ lára pátákó, gọ́ọ̀mù kò ní mú, aṣọ náà á tún já láìpẹ́. Mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ gbá a, bí ẹni ń gbálẹ̀ nílé àna tí kò fẹ́ràn. Àfi bí mo ṣe rí i lójú inú mi: aṣọ náà já lóòótọ́, ó bo ọmọ mi lójú lórí eré, ọkọ̀ agbégẹdú sì ń bọ̀ níwájú. Irọ́ tí mo fi ẹnu pa, èmi náà ni mò ń fi ọwọ́ sọ di òótọ́ yìí.

Mo ha pátákó náà títí kò fi ku ẹyọ kan. Mo gé abala kejì bó ṣe yẹ, mo fi ínṣì mẹ́rin lé e. A fi gọ́ọ̀mù àwọn aṣebàtà pa pátákó, a fi pa ẹ̀yìn aṣọ, a dúró kó gbẹ díẹ̀, a wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí.

"Màámi, ó ti tó."

"Kò tíì tó."

"Ìyá olùkọ́," ni ọkọ mi wí, "ṣé ẹ ń lẹ̀ ẹ́ ni, àbí ẹ ń gún un níyán?"

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àjà ti padà sínú ọkọ̀, ó nà gbọn-in.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti jókòó síwájú ọkọ̀ kí ọmọ náà tó jáde. Mo ní mo fẹ́ wò ó bóyá gọ́ọ̀mù náà mú. Ọwọ́ mi wà lára àjà láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìgbàrà-Odò, ẹsẹ̀ mi sì ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà rọra ń wakọ̀, ó ń yà fún gbogbo kòtò. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ó dúró.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbí, Màámi. Wọn kì í mú ìyá wọ yàrá olùkọ́."

Ọ̀kadà ni mo gùn padà. Gbogbo kòtò tí ọmọ mi yà fún, ọlọ́kadà yẹn wọ̀ ọ́.

"Báwo ni ó ṣe wà á?" ni ọkọ mi bi mí.

"Ó wà á dáadáa," ni mo wí. Mò ń gbọn erùpẹ̀ ara mi. "Ó mọ ọ̀nà ju àwọn kan lọ."

Ní ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu géètì, mo juwọ́ sí i. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lọ. Ó yẹ kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mo mú un mọ́ra.