Bí Ìtìjú Ṣe Gba Àbàtà Lọ́wọ́ Wa

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú máa tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dìbò fún, ní ìta gbangba, lójú oòrùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí lè má mọ irú ìbò bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí àpótí. Ẹni tí a fẹ́ yàn á dúró síwájú, àwa á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn á máa ka orí wa bí ẹni ń ka ebè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ètò náà tì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa á tì, ó ti dé abúlé wa.

Abà Ọdán ni abúlé wa, ní ìhà Lágelú. Bí ẹsẹ̀ bá yá, wákàtí kan ni ènìyàn á fi rìn dé Olódò. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo kàwé púpọ̀. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B, ní kíláàsì àwọn àgbà tí olùkọ́ ìjọ wa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí ẹni tó lè ka lẹ́tà kò ju mẹ́ta lọ, ìwọ̀nba yẹn tó.

Àbàtà kan wà ní ìsàlẹ̀ abúlé. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin wa ti ń já ewé eéran, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní Ìbàdàn. Wọ́n pín àbàtà náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí wọ́n bá ń já ewé ní ọ̀kan, méjì yòókù á máa sinmi. Wọ́n á so àálè sẹ́nu ọ̀nà èyí tó ń sinmi, àkísà ìró lórí igi lásán, kò sì sí ẹni tó jẹ́ kọjá rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ baálẹ̀. Wọn kì í fa gbòǹgbò. Ìsun omi kan sì wà létí ọ̀nà mọ́tò tí ẹja ń yé sí. Nígbà òjò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, ni olórí àwọn eléwé. Ọdọọdún ni wọ́n ń yan olórí. Wọ́n á gbé ìkòkò méjì sínú yàrá, obìnrin kọ̀ọ̀kan á dá wọlé, á ju èkùrọ́ kan sínú ìkòkò ẹni tó fẹ́, á jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹnì kejì ju tirẹ̀ sí. Wọ́n ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orogún méjì kò ní lè jọ lọ pọn omi mọ́.

Nígbà tó ṣe, àwọn kan gbé mọ́tò funfun dé. Wọ́n ní àwọn ènìyàn lókè òkun ti dá owó jọ láti dáàbò bo ẹyẹ, ẹja àti ewéko inú àbàtà, pé tiwa wà lára èyí tí wọ́n yàn. Inú wa dùn. Ọ̀gá iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tó ń wọ bàtà òjò dé orúnkún, gbé lọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́ta. Oúnjẹ wa ló ń jẹ. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ń tẹ̀ lé wọ àbàtà, ọwọ́ ìyàwó mi ló ti ń béèrè orúkọ ewéko, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà kò lè sọ pé òun kò mọ ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀.

Ó wá ní abúlé gbọ́dọ̀ yan alága ìgbìmọ̀ àbàtà. Alága ni yóò máa fọwọ́ síwèé lórúkọ wa, ohun tó bá sì fọwọ́ sí ti di òfin. Àwọn eléwé fa ìyàwó mi kalẹ̀. Baálẹ̀ fa Olóyè Láyíwọlá kalẹ̀, ọmọ abúlé wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní ìgboro Ìbàdàn. Ènìyàn dáadáa ni. Mọ́tò rẹ̀ ló gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wú. Bóyá ni ilé kan wà ní Abà Ọdán tí kò ṣe lóore rí. Ṣùgbọ́n kò mọ àbàtà. Bàtà aláwọ tó ń dán ló máa ń wọ̀ wá wò ó.

Àwọn obìnrin ní kí a fi èkùrọ́ dìbò. Ọ̀gá iṣẹ́ kọ̀. Ó ní àwọn tó fowó ránṣẹ́ fẹ́ rí fọ́tò ibi tí ará abúlé ti ń yan olórí wọn, pé èkùrọ́ inú ìkòkò kò ṣe é yà. Ó ní kí a tò bí gbogbo Nàìjíríà ṣe ń tò.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìbò, àbúrò bàbá mi, Bàbá Àkànní, yà sílé wa. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó rẹ ti wọlé ná,” wọ́n ní. “Bí ewúrẹ́ bá lè dìbò, ẹ̀yìn ìyá eléwé ni yóò tò sí. Ṣùgbọ́n a ò lè jẹ́ kí Olóyè, ọmọ ọlọ́mọ, dá dúró bí ọ̀pẹ tí àrá sán pa, lójú àlejò.”

Mo ní òótọ́ ni, mo sì pinnu pé ẹ̀yìn Olóyè ni èmi á tò sí. Mo rò ó pé ìyàwó mi mọ̀ pé tòun ni mò ń ṣe, pé ẹnì kan péré kò ní dín in kù. N kò sọ fún un. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá là á sílẹ̀, ó ti di ẹ̀gàn fún ẹni tí a fẹ́ bò láṣìírí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kò sí ilé kan tí wọn kò ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ilé yìí yọ ẹnì kan, ilé yẹn yọ méjì, kí ojú má baà ti Olóyè. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì.

Nígbà tí a tò tán ní ọgbà ilé-ìwé, ìlà Olóyè gùn dé ìdí máńgòrò. Àwọn ọkọ eléwé fẹ́rẹ̀ẹ́ pé síbẹ̀. Bàbá Àkànní wà níwájú mi. Wọ́n yíjú padà, wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. A ti rí ohun tí a ṣe. Ìṣísẹ̀ mélòó kan ló yẹ kí n gbé láti sọdá. N kò gbé e. Ta ni yóò kúrò lẹ́yìn àgbà lójú gbogbo ayé? Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí a ríran lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá iṣẹ́ ń fi bírò kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóyè fi ènìyàn mọ́kànlá ju ìyàwó mi lọ. Wọ́n ya fọ́tò.

Nílé, Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó sì jókòó tì mí.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, mo rí yín.”

Mo ní ìtìjú ọkùnrin yẹn ni mo ń bò.

“Ẹ bò ó dáadáa,” ó ní. “Àwa la wá wà níhòòhò.”

Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi, ì bá sàn.

Èmi àti Bàbá Àkànní lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. A ní ìbò náà kò rí bí ọkàn wa ti rí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ṣé ẹnì kan fi ìbọn tì yín síbẹ̀?”

“Rárá o.”

“Ṣé wọ́n fún yín ní nǹkan?”

“Wọn ò fún wa ní nǹkan kan.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n kọ sílẹ̀? Pé ẹ ṣàánú rẹ̀ jù?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó kọ. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé àwa la fọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Mo gba ìpín tèmi nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ti gbé lọ́dọ̀ wa. Ó mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí àlejò dá jẹun, pé a kì í jẹ́ kí àgbà dá dúró. Àwọn obìnrin sì ti fi ọ̀nà tí kò ní ìtìjú nínú hàn án kó tó di ọjọ́ ìbò. Ó kọ̀ ọ́ nítorí fọ́tò. Kò jí ìbò wa bí olè. Ó gbé e kalẹ̀ síbi tó mọ̀ pé yóò ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Kò pé oṣù méjì tí Olóyè fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n ti àbàtà pa. Wọ́n gé àálè dànù, wọ́n ní oògùn ni, wọ́n sì ri pátákó mọ́lẹ̀ dípò rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Wọ́n kó ọdẹ mẹ́ta wá láti ibòmíràn. Àwọn ọdẹ yìí ń gba ewé lórí àwọn obìnrin, wọ́n ń gba àdá lọ́wọ́ wọn. Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìsun omi. Àwọn oníṣẹ́ yìí fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì àti ilé àlejò, etí ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n sì fẹ́. Típà wá, ó da yangí sórí ìsun tí ẹja ń yé sí. Àwọn tó wá dáàbò bo àbàtà ló dí i.

A kọ lẹ́tà. Èmi ni mo kọ wọ́n. Kò sí èsì.

Nígbà tí àwọn òyìnbó tó fowó ránṣẹ́ ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò, àwọn eléwé jókòó sójú ọ̀nà àbàtà láti òwúrọ̀, àwa ọkọ wọn sì dúró lẹ́yìn wọn. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan ló ṣáájú. Ìyá Bọ́sẹ̀ dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ewé, ìsun, ọdẹ, àti pé kí wọ́n jẹ́ ká tún ìbò dì ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó pé wọ́n ń kí i káàbọ̀ ni, pé inú wọn dùn.

Gẹ̀ẹ́sì mi kò lọ́ràá, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ irọ́. Mo jáde síwájú. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ohun tí ìyàwó mi sọ nìyẹn, mo sì sọ èyí tó sọ fún un, pẹ̀lú ìkólòlò. Obìnrin náà gbọ́ mi tán, ó wá béèrè pé ẹ̀yìn ta ni èmi fúnra mi tò sí lọ́jọ́ ìbò.

Olóyè dúró níbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tún un sọ ní Yorùbá kí Olóyè lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi: “Ẹ̀yìn Olóyè ni mo tò sí. Àwọn kọ́ ni mo fẹ́.”

Bàbá Àkànní ní, “Èmi náà.” Ẹlòmíràn ní òun náà. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan lẹ́yìn èkejì, kò sẹ́ni tó pariwo.

Olóyè wò mí. “Ṣé ẹ ń ṣàánú mi ni?” ó ní. “Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá ti jókòó sílé mi.” Olóyè wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí Abà Ọdán mọ́.

Obìnrin òyìnbó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, lẹ́tà dé. Wọ́n gbà kí àwọn obìnrin máa já ewé ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìbò kò ní yí padà, nítorí ìwé rẹ̀ ti dé òkè òkun. Nígbà tó yá, àsìkò iṣẹ́ náà pé, wọ́n kó mọ́tò funfun wọn lọ, ọdẹ náà lọ. Ilé tí wọ́n ń kọ́ dé ojú fèrèsé, ó dúró síbẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé kan jáde nípa iṣẹ́ wọn. Mo rí ara mi nínú fọ́tò kan níbẹ̀, lórí ìlà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ará abúlé ń fi ìdùnnú yan olórí wọn.

Ohun tí a jèrè ni pé àbàtà padà sọ́wọ́ àwọn obìnrin, àálè sì padà sípò rẹ̀. Ohun tí a pàdánù ni ìsun náà. Omi kò gba abẹ́ yangí jáde mọ́, ẹja tí mo jẹ dàgbà kò sí mọ́. Ìyàwó mi kú ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí ẹnì kan láti ọ́fíìsì wọn tó wá sọ fún un rí pé a ṣẹ̀ ọ́. Èmi náà kò sọ ọ́ tó.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí ológun ti lọ, iṣẹ́ mìíràn tún dé, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tuntun àti owó òkè òkun. Wọ́n pè wá sí ìpàdé. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó yangí kúrò lójú ìsun, ká tó jókòó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣáájú wọn fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé ìyẹn kò sí nínú ètò àwọn. Ó ní kí n jọ̀wọ́ jókòó, àwọn àlejò ń wò. Mo gbọn aṣọ mi, mo sì jáde lọ sílé láìkí ẹnì kankan. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì wà láyé.