Dọ́fínnì àti Tuji

Ẹnì kan fi kánáfùrù sí tíì ní ọ́fíìsì lánàá, ni mo bá dìde jáde.

Òórùn yẹn ló gba yàrá wa ní Lokogoma lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá mi sétí Mọ́mì, tí àìsàn àyà dá dùbúlẹ̀. Tíṣà ní ká fi dọ́fínnì inú òkun wé tuji, ẹyẹ ńlá inú pápá Abaji.

Mo kà á pé, "Tí ara dọ́fínnì kan ò bá yá, àwọn yòókù á gbé e sókè kó lè mí."

"Tuji ńkọ́?"

"Akọ rẹ̀ kì í bá abo sàba lé ẹyin. Ó máa ń bá tiẹ̀ lọ ni."

Mọ́mì wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí bàtà Dádì máa ń wà kó tó kó lọ sí Jahi. "Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi," ló wí.

Nígbà tó yá, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún hìì, hìì. Mo ti èjìká bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e sókè bíi dọ́fínnì. Òógùn rẹ̀ rin mí gbingbin. Nígbà tí ariwo yẹn dákẹ́, inú mi dùn.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló kú.

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọrùn ń ro mí, mo ṣáà ń wí pé, "Mọ́mì, ẹ máa mí o. Mo ti gbé yín sókè."