Egbò Àjà Ẹnu Ìyá Mi

Ọjọ́ Ajé ni èsì àyẹ̀wò náà dé, nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́yìn. N kò jókòó kí n tó já a. Ó ti di ọdún kẹta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà eyín ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn, mo sì ti já irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ nítorí ìyá oníyàá àti bàbá oníbàbá láìmọye ìgbà. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kà tí ojú mi fi ṣú: jẹjẹrẹ ni. Orúkọ tó wà lókè ìwé náà, orúkọ ìyá mi ni.

Ọdún tí à ń tò sórí ìlà kí a tó ra mílíìkì àti ọṣẹ ni, lábẹ́ ìjọba ológun. Èmi àti ìyá mi ń gbé pọ̀ ní Agbowó, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà Bódìjà. Ohùn ló fi ń jẹun. Bó bá ń pe "A, B, D" fáwọn ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń kọjá lójú títì lè bá a pè é. Ó ku ọdún méjì péré kó fẹ̀yìn tì.

Èmi ni mo rí egbò náà. Mo ṣàkíyèsí pé ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, mo ní kó la ẹnu, ó ní kò sí nǹkan kan, mo pàṣẹ fún un bí ẹni pàṣẹ fún ọmọdé títí ó fi là á. Àjà ẹnu rẹ̀ ni, lápá ọ̀tún, níbi tí egungun ti parí tí ẹran rírọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀ tó bọ́tìnì kóòtù. Etí rẹ̀ wú yíká, àárín rẹ̀ jìn, ó sì dà bí eérú. Ẹni tó bá ti ka ìwé tí èmi kà kò ní rí ìyẹn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí a bá gé e bí a ṣe ń gé jẹjẹrẹ, ìdajì àjà ẹnu náà ló máa bá a lọ, tòun ti eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi tó bá mu yóò máa gba imú jáde. A lè fi ike dí ihò náà, ṣùgbọ́n ohùn tó bá ti ibẹ̀ jáde, ọmọ kíláàsì kìíní kankan kò ní mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀gá wa pátápátá ní àṣà kan tí àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kó tó ti dígí bọ ẹnu aláìsàn, yóò kọ́kọ́ lé gbogbo ẹbí síta: ọkọ, aya, ọmọ, títí dórí wòlíì tó bá sin aláìsàn wá láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò jókòó, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tilé toko. Àwọn èèyàn á máa tò níta, àwa á máa sọ láàárín ara wa pé òfófó ló ń ṣe ọ̀gá. Òun a máa sọ fún wa pé ẹnu tí ẹbí ń ṣọ́, bó là tán, kò tíì là.

Ọ̀gá wà nírìn-àjò lọ́jọ́ tí mo mú ìyá mi wá, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé òfin yẹn kò kan èmi. Ọmọ rẹ̀ ni mí, dókítà sì ni mí. Mo dúró ti àga rẹ̀ gbagidi. Dókítà tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ bi í pé ìgbà wo ni egbò náà bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi kọ́kọ́ wò mí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta, sà."

Mo gbaná jẹ. "Oṣù mẹ́ta, Màámi? Ẹ sì jókòó tì mí nílé, ẹ ń wò mí níran?"

Dókítà náà rí àlàfo eyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà, ó béèrè ohun tó ṣe é. Ìyá mi tún wò mí. Ó ní gúgúrú ni òun ń jẹ tí eyín náà fi ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì. Wọ́n gé bíńtín lára etí egbò náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn tó máa ń fi awò wo ẹran ara.

Ìgbà tí èsì wá dé, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúró dè é. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹni tó rìnrìn àjò.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́rú. Ìdúró ló wà tó fi ka fáìlì náà, pẹ̀lú ìyá mi lórí àga níwájú rẹ̀. "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bi màmá léèrè ọ̀rọ̀?"

Mo ní èmi ni.

"Jáde."

"Sà, ìyá mi ni—"

"Ìyẹn gan-an ni mo fi ní kí o jáde."

Mo jáde. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ níwájú bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn títí bàbá àgbà kan fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n jókòó, pé òòyì ti fẹ́ máa kọ́ òun. Mo gbọ́ tí ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó dùn mí wọra. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Lẹ́yìn náà, ohùn wọn wálẹ̀, ó sì pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

"A ò ní gé e lọ́la," ni ọ̀gá wí.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé pé egbò kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tó jọ jẹjẹrẹ lójú, tó tún jọ ọ́ lábẹ́ awò. Ẹ̀jẹ̀ ni kì í dé ibì kan lára àjà ẹnu. Ibẹ̀ á kú, á sì já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun tíì rí i. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó máa ń jiná fúnra rẹ̀.

"Kí ló dí ẹ̀jẹ̀ náà lọ́nà, sà?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Màmá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ, mo sì ti gbà."

Mo sọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ kì í sọ sí ọ̀gá. Mo ní bí àṣírí bá pa ìyá mi, ọrùn yín ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní òun yóò fún egbò náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, òun fúnra òun yóò fi òwú dúdú wọ̀n ọ́n. Bó bá fi ìbú òwú kan fẹ̀ sí i, lọ́jọ́ kejì ni òun yóò gé e. "Ìwọ ò gbọdọ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀." Ó ní kí méjì nínú àwọn tó ń fi awò wo ẹran ara tún ẹran tí wọ́n gé náà wò. Ọ̀kan dúró lórí pé jẹjẹrẹ ni. Èkejì ní òun ò lè búra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ẹ̀rù bà mí lọ́nà tí kò tíì bà mí rí. Bí ọ̀gá bá ṣì í, egungun ni jẹjẹrẹ náà ń wọ̀ lọ lójoojúmọ́, tí èmi dókítà ń káwọ́ gbera. Láàárọ̀, bí ìyá mi bá ń mu ẹ̀kọ, ọ̀fun rẹ̀ ni mò ń wò. Bó bá pè mí láti yàrá kejì, mo máa ń fetí sí ohùn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, bóyá ó ti ń gba imú jáde. Mo lọ jókòó sí yàrá ìkàwé, mo tú ìwé ìròyìn àwọn dókítà títí mo fi rí egbò ọ̀gá yìí. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú ẹnu kú kí a tó fa eyín lè fà á. Mo fo ìyẹn kọjá. Ta ló máa gún ìyá mi lábẹ́rẹ́ eyín lẹ́yìn èmi?

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan, lọ́sẹ̀ kẹta, oorun gbé e lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo yọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kí n tó tàn án, ó pa ẹnu dé. Kò la ojú. "Dókítà ní kí o má wò ó," ló sọ. Ojú tì mí bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kẹfà, ọ̀gá pè mí wọlé. Ó ṣí fáìlì. Ó ti lẹ àwọn òwú dúdú náà mọ́ ìwé, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ìkejì kúrú ju ìkíní lọ, ìkẹta kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀karùn-ún kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Kò sí ẹ̀kẹfà. Ó gbé dígí lé mi lọ́wọ́. Àjà ẹnu ìyá mi ti bò pátá, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èrìgì ọmọ ọwọ́. Mo sunkún níwájú nọ́ọ̀sì, n kò sì bìkítà.

Ìgbà tí a délé ni ìyá mi tó ní òun lè sọ ọ́ wàyí. Eyín náà ti dùn ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó gba Ìwó Road lọ, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń fa eyín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọkùnrin náà gún un lábẹ́rẹ́ ní àjà ẹnu, ẹnu náà kò kú. Ó tún gún un, ó tún gún un, títí ibẹ̀ fi funfun bíi bébà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹran ibẹ̀ já bọ́. Oṣù mẹ́ta tó pè é fún wa, irọ́ ni; kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ nígbà náà, ó pa á kí n má baà ṣírò rẹ̀ padà dé ọjọ́ tí eyín náà yọ.

"Ìwọ ni mò ń bẹ̀rù," ló wí. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí eyín náà kọ́kọ́ dùn mí, mo fẹ́ sọ fún ọ, mo wá rò ó pé—"

"Ẹ̀ ń bẹ̀rù mi kẹ̀? Èmi ọmọ yín? Kí ni mo fẹ́ fi yín ṣe? Gbogbo Ìbàdàn ni mò ń fa eyín fún, ẹ wá gbé ẹnu yín fún oníjìbìtì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù! Wọn ì bá ti gé yín, Màámi! Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ì bá ti gé yín?"

Ìyá mi ká ọwọ́ lé itan. Ojú tó fi ń wo ọmọ kíláàsì kìíní tó ń pariwo ló fi wò mí, ó dúró.

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán," ló wí.

Mo pa ẹnu mi dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dá a lójú pé n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.