Éésì Ọkọ̀ Tí Kò Tu Bàbá Mi Lára

Dókítà ní eruku ò gbọdọ̀ kan ojú bàbá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Éésì ọkọ̀ mi gbọ́dọ̀ tutù, ká lè ti gíláàsì pa láti Ìwó dé Ìbàdàn.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé, mo ń rọ gáàsì sí éésì. Bàbá jókòó sínú ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kí n rí wọn.

"Bàbá, ṣé ó ti tutù?"

"Ooru ni o!"

Géèjì ní ó ti tó, páìpù tutù bíi yìnyín, Bàbá ṣì ní ooru ni. Ta ló ń purọ́? Mo ṣépè fún ẹni tó ta gáàsì, mo tún fi kún un, títí gáàsì fi pọ̀ jù, tí éésì sì dákẹ́ pátápátá.

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bàbá ti yí gíláàsì sílẹ̀, orí wọn wà níta, wọ́n ń dá ará àdúgbò lóhùn: "A dúpẹ́ o! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Bàbá, gíláàsì ńkọ́?"

"Kí wọ́n kí mi, kí n máa wò wọ́n bí ère?"

Nínú ooru la lọ, gíláàsì ní títì. Mi ò tíì mọ ẹni tí màá fẹjọ́ sùn.